Gígun òkè Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń ti Iléṣà lọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá sọ fún yín pé àwọn ti dé ìdí omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpele kìíní ni wọ́n dúró sí. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi, wọ́n jẹun, wọ́n padà sílé. Ẹni tó bá gbádùn ìyẹn kò ṣe àṣìṣe. Àmọ́ ìpele méje ni omi Olúmirìn ní, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba inú igbó lọ sí àwọn tó wà lókè ni mo fẹ́ mú yín gbà: bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́, bí a ṣe ń gùn ún, ibi tó yẹ ká ti yíjú padà, àti bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ló máa gbẹ̀yìn nínú àlàyé mi, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá máa ṣubú lórí òkè yìí, nígbà tó bá ń bọ̀ nílẹ̀ ló sábà máa ń ṣubú, nígbà tí ẹsẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, tí ọkàn rẹ̀ sì ti sá lọ sídìí iyán.

Irú òkè tó jẹ́

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lójú ọ̀nà tó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́. Òkè gígùn kan na tàntàn sẹ́yìn ìlú náà, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà níhìn-ín, ilẹ̀ Èkìtì wà lọ́hùn-ún. Láti ìhà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lókè ni omi náà ti ń ṣàn bọ̀, tó ń já láti orí àpáta kan sí òmíràn títí tó fi dé ìsàlẹ̀.

Àpáta ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó rí roboto tó wà ní Ìdànrè tàbí Olúmọ. Quartzite làwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè é. Yanrìn ayé àtijọ́ ni, tí ooru àti ẹrù ilẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sọ di òkúta tó le koko. Pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ló máa ń là, etí rẹ̀ sì máa ń mú. Ìdí nìyẹn tí omi fi rí ibi tò lé ara wọn já bọ́ sí bí àtẹ̀gùn, ìdí náà sì nìyẹn tí òkúta kéékèèké fi máa ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àpáta yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ẹni tó tẹ ìlú Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà dó, ló rí omi náà nígbà tí wọ́n ń ṣí bọ̀. Ọdún 1140 ni wọ́n sábà máa ń dá mọ́ ọn. Olúmirìn kì í ṣe omi lásán lójú àwọn àgbà ìlú títí dòní, wọ́n ń bọ ọ́. Bí ẹ bá bá igbá, obì tàbí ohun ìbọ mìíràn létí omi, ẹ yà fún un. Ẹ má gbé e, ẹ má sì yà á ní fọ́tò láì kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Ẹ yan ọjọ́

Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, omi máa ń hó yèè. Ẹ ó ti máa gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó rí i. Ó dùn-ún wò, àmọ́ gbogbo àpáta ló tutù, gbogbo ilẹ̀ ló ń yọ̀. Bó bá di oṣù kejì, ilẹ̀ á ti gbẹ, gígùn á rọrùn, ṣùgbọ́n omi á ti fà, ọyẹ́ sì lè bo gbogbo nǹkan débi pé ẹni tó forí ṣe fọrùn ṣe dókè kò ní rí ohunkóhun wò. Èmi fara mọ́ ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá. Òjò ti ń kógbá sílé, omi ṣì pọ̀, ọyẹ́ ò tíì rọ́wọ́ mú. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dá kékeré inú oṣù kẹjọ tàn yín o. Òjò lè dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, àpáta tó wà lábẹ́ ibòji igi ò ní tìtorí ìyẹn gbẹ.

Nínú ọ̀sẹ̀, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ló dáa jù. Ajé Àjíǹde, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ọdún tuntun àti Iléyá, ibẹ̀ máa ń kún fọ́fọ́, ẹlòmíì á gbé ẹ̀rọ orin wá, ohùn omi pàápàá á sá pa mọ́. Bó bá jẹ́ ijó lẹ fẹ́, ọjọ́ yín nìyẹn. Bó bá jẹ́ òkè lẹ fẹ́ gùn, ẹ jókòó sílé.

Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ìpele kejì gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu géètì láago mẹ́sàn-án àárọ̀. Oòrùn máa ń wọ̀ láàárín agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí nǹkan bí agogo méje lápá ibí yìí, ṣùgbọ́n lábẹ́ àwọn igi ńlá, ilẹ̀ ti máa ń ṣú ṣáájú ìgbà yẹn. Bí òjò ńlá bá sì rọ̀ mọ́jú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ má ronú kọjá ìpele kìíní. Ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ bá mọ̀ ní Ẹ̀fọ̀n tàbí nítòsí ibẹ̀, kí ẹ bi í bóyá òjò rọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Ojú ọ̀run lè mọ́ kedere ní Iléṣà, kí omi sì ti máa kún bọ̀ látòkè.

Ohun tó yẹ kó wà lára àti lẹ́yìn yín

Bàtà ni olórí. Sílípáàsì kò ṣe é gun òkè yìí, bẹ́ẹ̀ ni bàtà aláwọ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dán. Ẹ wá bàtà kánfáàsì tó ní eyín nísàlẹ̀, tó sì di ẹsẹ̀ mú pinpin. Ẹ ṣe ìdánwò kan nílé: ẹ da omi sórí sìmẹ́ńtì tó dán tàbí táìsì, ẹ wọ bàtà náà, ẹ di nǹkan mú, kí ẹ wá rọra ti ẹsẹ̀ síwájú. Bí bàtà bá yọ̀ lórí táìsì, yóò yọ̀ lórí àpáta. Bàtà tẹ́ ẹ ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ sàn ju tuntun lọ, torí tuntun máa ń bó ẹsẹ̀. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ yín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Ṣòkòtò gígùn tó fúyẹ́, ẹ̀wù alápá gígùn tó fúyẹ́. Jíǹsì máa ń wúwo bó bá ti rin, ó sì máa ń mú orúnkún há. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ bá fẹ́ ró ìró, ẹ wọ ṣòkòtò sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè tú ìró náà tì sínú báàgì bó bá dójú ẹ̀.

Báàgì ẹ̀yìn ni kí ẹ gbé, kì í ṣe ti ìfàlọ́wọ́. Ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣófo. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kó ọ̀rá oúnjẹ dání, kó ní òun á máa gbé e láti ọwọ́ kan sí èkejì. Inú báàgì yẹn ni kí nǹkan wọ̀nyí wà: omi mímu tó tó lítà 2 fún ẹnì kan, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí bísíkíìtì, báńdéèjì, fèrè, ìpara tí ẹ fi ń lé kòkòrò, àti tọ́ọ̀ṣì gidi. Iná fóònù kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì, torí pé fóònù tẹ́ ẹ ti fi ń ya fọ́tò látàárọ̀ á ti kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Fóònù náà, ẹ fi ọ̀rá méjì wé e. Nẹ́tíwọọ̀kì máa ń wá, ó sì máa ń lọ nínú igbó, nítorí náà ẹ má fi ìwàláàyè yín sórí pé ẹ ó pe ẹnì kan láti òkè.

Ẹ má mu omi odò náà láìsè é, bó ti wù kó mọ́ tó lójú. Àwọn èèyàn àti ẹran ń gbé lókè ibẹ̀.

Oúnjẹ àárọ̀? Ẹ jẹ nǹkan tó fúyẹ́. Mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn yìí máa ń dun Ìjẹ̀ṣà, ṣùgbọ́n iyán àti òkè gígùn kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ kó dúró de yín nísàlẹ̀.

Láti Iléṣà dé géètì

Ẹ wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́ ní gáréèjì. Kí ọkọ̀ tó gbéra ni kí ẹ ti sọ fún awakọ̀ pé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lẹ ti máa sọ̀, kí ẹ tẹnu mọ́ ọn, nítorí Ẹ̀rìn-Òkè náà wà lójú ọ̀nà yìí, àwọn kan sì ti bọ́ọ́lẹ̀ níbi tí kì í ṣe tiwọn. Bí ọ̀nà bá dáa, kò tó wákàtí kan. Láti ojú títì, ọlọ́kadà á gbé yín dé géètì. Ẹ ná an kí ẹ tó gorí rẹ̀, kí ẹ sì bá a dá àdéhùn àbọ̀ nísinsìnyí, torí lọ́jọ́ tí èrò kò bá sí, ọ̀kadà máa ń wọ́n nídìí omi ní ìrọ̀lẹ́.

Ní géètì, ẹ san owó ìwọlé, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Iye rẹ̀ máa ń yí padà, nítorí náà ẹ mú owó tó lé díẹ̀ dání, kó sì jẹ́ owó bébà.

Ẹni tó máa mú yín gòkè

Fún ìpele kìíní, ẹ ò nílò ẹnikẹ́ni. Fún ìpele kejì, ó dáa kí ẹ ní. Láti ìpele kẹta lọ sókè, ẹ má lọ láìní ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà. Ọ̀nà máa ń pín láàárín igbó, àwọn míì jẹ́ ti àgbẹ̀, àwọn míì jẹ́ ti ọdẹ, òjò ọdún kan sì lè gbé ọ̀nà èṣí lọ.

Bí mo ṣe máa ń mọ amọ̀nà tó dáńtọ́ nìyí. Mo máa ń béèrè pé, "Bọ̀dá, ìgbà wo lẹ gùn ún dé òkè kẹ́yìn? Báwo ni ọ̀nà ìpele kẹta ṣe rí lọ́sẹ̀ yìí?" Èyí tó bá dáhùn pé "Kò séwu, a ó débẹ̀" sí gbogbo ìbéèrè, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì máa ń wá ẹlòmíì. Èyí tó bá wo bàtà mi kó tó wo ojú mi, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibì kan wà lókè tí igi wó dí, a máa gba ẹ̀gbẹ́, ṣé orúnkún yín le?", òun ni mo máa ń bá lọ. Ẹ fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó gbéra: ìpele tẹ́ ẹ fẹ́ dé, owó rẹ̀, àti pé àti lọ àti bọ̀ ni owó náà wà fún. Ẹ san díẹ̀ sílẹ̀, ẹ san ìyókù nísàlẹ̀.

Kí ẹ tó wọgbó, ẹ sọ fún ẹni tó wà ní géètì iye tẹ́ ẹ jẹ́ àti agogo tẹ́ ẹ máa padà dé. Ẹ tún sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan nílé.

Ìpele kìíní àti ìkejì

Àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì wà fún yín ní ìbẹ̀rẹ̀. Àárín rẹ̀ ni kí ẹ máa tẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ èèyàn kì í sábà dé ni nǹkan aláwọ̀ ewé máa ń hù sí tó fi ń yọ̀. Nídìí omi, ẹ má bọ́ sábẹ́ ibi tó ti ń já gan-an. Kì í ṣe omi nìkan ló ń já. Ẹ̀ka igi àti òkúta lè bá a wá láti ìpele òkè. Ẹ má bẹ́ sínú adágún rẹ̀ pẹ̀lú orí, torí omi máa ń pa àpáta mọ́ sábẹ́. Ọmọdé tó bá wà níbẹ̀, kí àgbàlagbà kan dì í lọ́wọ́ mú, kì í ṣe kó máa wò ó láti òkèèrè.

Ibi tó sàn wà fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó. Nílẹ̀ yanrìn tútù létí omi, lójọ́ tí oòrùn bá yọ, ẹ ó rí àwọn labalábá tí wọ́n kóra jọ, wọ́n pa ìyẹ́ pọ̀ sókè, wọn ò mira. Iyọ̀ inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń fà mu. Bí ẹ bá rọra bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí ọwọ́ ẹnu wọn tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń bọ yanrìn, tó ń jáde. Ìdí omi yìí nìkan tó láti mú èèyàn jókòó fún ìdajì wákàtí.

Láti ibẹ̀ dé ìpele kejì, ìgbòòrò ọ̀nà á ti dín kù, gbòǹgbò igi á sì ti máa gba ọ̀nà kọjá. Ibi yìí ni kí ẹ ti fi yẹ ara yín wò. Ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gùn. Ẹni tí kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí hẹlẹ, ìpele kejì ni òpin tirẹ̀ lónìí. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga, ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀fúùfù, aláboyún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ: ìpele kejì ti tó, omi ibẹ̀ sì dára jù lójú ara mi ju àwọn kan tó wà lókè rẹ̀ lọ.

Láti ìpele kẹta lọ sókè

Níhìn-ín, ọwọ́ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ bí ẹsẹ̀. Òfin tó ń dá ẹ̀mí sí ni pé nínú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì, mẹ́ta gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin kí ìkẹrin tó kúrò níbi tó wà. Ẹ má fi ẹsẹ̀ kan fò sórí àpáta kí ẹ tó mọ̀ bóyá ọwọ́ rí nǹkan dìmú.

Ohun tí ọwọ́ bá dìmú, ẹ dán an wò. Gbòǹgbò tó ṣì wà láàyè tutù díẹ̀, ó sì máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá fà á. Ẹ fà á pẹ̀lú agbára díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó gbé gbogbo ara lé e. Èyí tó ti kú máa ń dún káká, ó sì ń fọ́. Àjàrà kékeré tó kàn wé mọ́ igi kò ṣe é gbójú lé. Àpáta tí ẹ bá di etí rẹ̀ mú, ẹ kọ́kọ́ fi ìka kàn án gbọ̀n-ọ́n. Bó bá mì, ẹ fi í sílẹ̀. Mo ti sọ tẹ́lẹ̀ pé pẹlẹbẹ ni àpáta yìí ń là: etí pẹlẹbẹ náà ló máa ń ya.

Fún ẹsẹ̀, ẹ wo àwọ̀. Àpáta aláwọ̀ eérú tó rí ṣákiṣàki, tí oòrùn ti pa, ló ń di bàtà mú. Èyí tó dúdú tó ń dán, tàbí tó ní àwọ̀ ewé, ń yọ̀ ju ọṣẹ lọ pẹ̀lú bó ṣe dà bíi pé ó gbẹ. Bí ẹ ò bá lè yẹra fún un, ẹ gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lé e pẹlẹbẹ, ẹ má fi ọmọ ìka dúró, ẹ má sì fi gìgísẹ̀ gún un. Níbi tí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́ láìní àpáta, ẹ má gùn ún tààrà. Ẹ máa yà sọ́tùn-ún yà sósì.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ara yín. Kí ẹnì kan má wà lábẹ́ ẹlòmíì gan-an, torí òkúta tó bá yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni iwájú, orí ẹni ẹ̀yìn ló ń lọ. Bó bá yẹ̀, ẹ kígbe "Òkúta o!" lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ tó bá gbọ́ ọ, kó má gbójú sókè wò ó. Kó lẹ̀ mọ́ àpáta, kó fi ọwọ́ bo orí.

Ọ̀bọ lè yọjú láti orí igi. Ẹ má fún un lóúnjẹ. Kí ẹ sì máa wo ilẹ̀ fún ìjàlọ: bí ẹ bá rí ìlà dúdú tó ń rìn lójú ọ̀nà, ẹ ré e kọjá, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì dúró ya fọ́tò níbẹ̀.

Ẹ máa fetí sí omi

Níbi tí ọ̀nà bá ti gba inú omi kọjá, ẹ dúró kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ wo omi náà, ẹ fi ojú sàmì sí òkúta kan tí orí rẹ̀ yọ. Bí ẹ bá ń bọ̀ padà, òkúta yẹn ló máa sọ fún yín bóyá omi ti pọ̀ sí i.

Omi tó ń kún máa ń fi àpẹẹrẹ ṣáájú. Àwọ̀ rẹ̀ á yí padà láti funfun sí àwọ̀ ilẹ̀. Ewé àti igi gbígbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá pọ̀. Ohùn rẹ̀ á wúwo sí i, afẹ́fẹ́ tútù á sì fẹ́ láti òkè. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ kúrò nínú omi kíákíá, kí ẹ gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ síbi tó ga, kì í ṣe sísàlẹ̀ lójú ọ̀nà omi. Bí omi bá ti gba ọ̀nà yín, ẹ jókòó sókè dè é. Omi òkè máa ń kún wéré, ó sì máa ń fà bí òjò bá ti dá. Wákàtí méjì tí ẹ bá fi dúró sàn ju kí ẹ fi ara wé odò lọ. Omi tó bá ti dé orúnkún tó sì ń sáré, kò ṣe é là kọjá, àní kẹ́ ẹ di ọwọ́ ara yín mú.

Ìgbà tó yẹ ká yíjú padà

Ẹ dá agogo kan láti ìsàlẹ̀. Agogo kan ọ̀sán ni mo máa ń lò. Nígbà tó bá lù, ibikíbi tẹ́ ẹ bá dé, ẹ yíjú padà. Àwa Òṣómàáló ní ìṣòro pẹ̀lú òfin yìí, a kì í fẹ́ dìde láìgba ohun tá a wá gbà. Ṣùgbọ́n òkè kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ẹni tó dé ìpele karùn-ún tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé géètì ti ṣe dáadáa ju ẹni tó dé ìkeje tí wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀.

Bó ṣe wù kí agogo rí, ẹ padà bí òjò bá ṣú, bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ ṣẹ́ díẹ̀, bí omi mímu bá ti dín sí ìdajì, tàbí bí amọ̀nà bá ní ọ̀nà kò dáa mọ́. Ẹ má bá a jiyàn. Òun ló mọ ohun tó rí.

Ẹni tó bá ráyè dé òkè pátá á rí ilẹ̀ tó tẹ́jú díẹ̀, pápá àti oko níhà Èkìtì, yóò sì yà á lẹ́nu bí omi tó ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀ ṣe rí jẹ́jẹ́ lókè.

Ìsọ̀kalẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ jókòó. Ẹ jẹ nǹkan, ẹ mu omi, ẹ na ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà, ẹ tú okùn bàtà, kí ẹ tún un so pinpin níbi ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà máa rọ́ síwájú nínú bàtà. Ẹni tí kò gé èékánná lánàá á mọ̀ ọ́n báyìí.

Nígbà tí à ń gòkè, ojú wa ló ń ṣíwájú ẹsẹ̀. Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ń lọ síbi tí ojú kò tíì rí dáadáa, gbogbo ìwúwo ara á sì jókòó lé orúnkún kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ má nà án tán. Ẹ gbé ìṣísẹ̀ kékeré, kékeré gan-an. Ọ̀pá ọparun tó gùn dé àyà dáa níbi yìí: ẹ kọ́kọ́ gbé e lélẹ̀ síwájú, kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Níbi tó bá dúró gbọnrangandan, ẹ kọjú sí àpáta, kí ẹ máa fi ẹ̀yìn sọ̀, ọwọ́ méjèèjì lára òkúta, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ máa sọ ibi tí ẹsẹ̀ yín máa tẹ̀ fún yín: "Ẹsẹ̀ òsì, sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i, ó ti kan nǹkan, ẹ gbé e lé e."

Ẹ má fi ìdí wọ́ bọ̀ lórí àpáta tútù. Ó dà bí ohun tó rọrùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí ìdí kò ní nǹkan tó máa fi dá ara rẹ̀ dúró. Ẹ má sì di ọwọ́ ara yín mú ní ìlà gígùn. Bí ẹnì kan bá ṣubú, á kó ìyókù lọ. Kí amọ̀nà wà níwájú, kí ẹni tó lágbára jù wà lẹ́yìn, kí àwọn tó rẹ̀ wà láàárín. Kò sí fọ́tò nígbà ìsọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò, kó dúró, kó di igi mú, kó yà á tán, kó ti fóònù bọ àpò kó tó tún gbẹ́sẹ̀.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ẹsẹ̀ tó rọ́: ẹ má bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ á wú, kò sì ní wọ̀ ọ́ padà. Ẹ fi báńdéèjì wé e mọ́ bàtà, kí èèyàn méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tó tẹ́jú.

Wèrèpè: irun orí èso rẹ̀ ló máa ń fà ìyún, pàápàá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ má họ ọ́, ẹ má sì fi ọwọ́ tó kan ibẹ̀ nu ojú. Ẹ bọ́ aṣọ náà, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án.

Ejò: ohun tó sábà máa ń mú èèyàn kan ejò ni kó ti ọwọ́ bọ ihò àpáta tàbí kó tẹ ewé gbígbẹ tí kò wò. Bó bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà rẹ̀ kíákíá, ẹ fi igi dá ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà dúró kó má mì, ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kó rìn bí ẹ bá lè ṣe é. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ni ẹ máa gbé e lọ, ẹ má dúró wá ejò náà pa.

Bí ẹ bá ṣìnà: ẹ dúró. Ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sinmi, ẹ tún fọn ọ́n. Ẹ má tẹ̀ lé omi lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú èrò pé á gbé yín délé, ibi tó ti ń já ló máa gbé yín dé.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá délẹ̀

Ẹ yọjú sí géètì, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ti bọ̀. Ẹ san owó amọ̀nà, kí ẹ kó gbogbo ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti ike tẹ́ ẹ gbé lọ padà. Lójú títì, ìhà tó kọjú sí Iléṣà ni kí ẹ dúró sí. Ọkọ̀ tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ sábà máa ń kún, nítorí náà bí ẹ bá ju mẹ́ta lọ, ẹ lè ní láti pín ara yín. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí ẹ ti wà níbẹ̀.

Nílé, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, kí ẹ yẹ ara yín wò fún eégbọn, pàápàá abẹ́ orúnkún, abíyá àti ẹ̀yìn etí. Bàtà tó rin, ẹ fọ ẹrẹ̀ rẹ̀, ẹ ki bébà ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ má gbé e sídìí iná, lẹ́ẹ̀ rẹ̀ á tú, ìsàlẹ̀ á sì ṣí nígbà míì tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, iwájú itan á máa ro yín bẹ́ ẹ bá ń sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀. Bó bá jẹ́ orúnkún fúnra rẹ̀ ló ń ro yín, tó sì wú, ẹ lọ jẹ́ kí dókítà wò ó.